Mo Fi Ohùn Òkú Ṣeré Nínú Lífìtì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, kí ẹ lè mọ irú èébú tó tọ́ sí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pè mí, nítorí kò sí ẹni tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí n kò lè sín jẹ. Bó jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin, bó jẹ́ ọmọ tó ń yọ eyín, màá sín in jẹ títí ìyá tó bí i yóò fi dáhùn.

Ohùn yìí náà ló lé mi kúrò níléèwé. Mo yọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, mo húkọ́ bíi tirẹ̀, mo sì ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé lọ sinmi. Gbogbo wọn lọ. Olùkọ́ ìṣirò pàápàá lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí èmi náà máa lọ sinmi, kí n má sì padà wá mọ́.

Ìyá mi sunkún títí, ó wá fà mí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́. Bọ̀dá mi yìí ń tún lífìtì ṣe. Òun ló ń mójú tó ti ilé alájà mẹ́jọ kan, a sì ń gbé yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín nínú gbogbo ẹbí. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bọ̀dá kì í fi ṣeré.

Súìṣì ńlá tó ń pa lífìtì wà nínú yàrá ẹ̀rọ, lókè téńté. Kòtò tí lífìtì ń bọ̀ wá bà sí wà nísàlẹ̀ pátápátá. Súìṣì kékeré tó yẹ kó wà nínú kòtò ti kú tipẹ́, onílé kò sì ra òmíràn. Nítorí náà, bí Bọ̀dá bá fẹ́ wọ kòtò, èmi a gun òkè lọ. Yóò pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé o ti pa á?" Èmi yóò pa á, màá gbé ẹnu lé ihò tí okùn irin gbà kọjá, màá ní, "Mo ti pa á, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀." Ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Nínú kòtò yìí," Bọ̀dá máa ń wí, "mi ò rí ọ, o ò rí mi. Ohùn rẹ lẹ̀mí mi so mọ́. Tó o bá fẹ́ fi ohùn ṣeré, fi ti ẹlòmíì ṣeré. Má fi tìrẹ ṣe é."

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ti ẹlòmíì ni mo fi ṣeré.

Ìyá kan wà lájà kẹfà tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ẹsẹ̀-mi-ń-bọ̀. Orúnkún ń dà á láàmú, nítorí náà kì í rìn láìgbé àpótí kékeré kan dání. Bó bá wọ lífìtì, yóò gbé àpótí sí igun, yóò jókòó lé e bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá sì fẹ́ tì kó tó dé ibẹ̀, yóò pariwo pé, "Ẹ má tì í o! Ẹsẹ̀ mi ń bọ̀!" Bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ń bá ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró.

Mo máa ń sín in jẹ lójú ara rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Odídẹrẹ́, o ti gbé ohùn mi lọ," ó wí lọ́jọ́ kan. "Mọ̀ pé mo máa bi ọ́ léèrè rẹ̀ o. Ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀, wàá dá a padà."

"Màámi, màá dá a padà tòun tèlé."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Àǹtí Aránṣọ, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá fẹ́ràn àwàdà, ṣùgbọ́n ọmọ kì í rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ló máa ń di aṣọ àwọn oníbàárà sí ẹrù ńlá kan, yóò gbá a mọ́ àyà, ẹrù náà yóò sì ga kọjá orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì nìkan lèèyàn máa ń rí lábẹ́ aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ lífìtì láti àjà kẹjọ, mo bá ìyá náà lórí àpótí rẹ̀ ní igun. Ó fi orí ti ògiri, ó pa ojú dé. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní oorun àgbàlagbà ni.

A dé àjà kẹfà, ilẹ̀kùn ṣí, ẹrù aṣọ wọlé, ẹsẹ̀ méjì tẹ̀ lé e.

"Ṣé kò sẹ́ni níbẹ̀? Mi ò ríran o," Àǹtí Aránṣọ wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kọ àpótí. Ó dúró. "Màámi? Ẹ̀yin nìyẹn? Mi ò gbọ́ ìgbà tẹ́ ẹ jáde." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣé inú ṣì ń bí yín?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí oúnjẹ bá délẹ̀ tẹ́bi sì ń pa yín, ṣé ẹ máa ń ronú? Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀.

"Inú ò bí mi mọ́, ọmọ mi," mo fi ohùn ìyá rẹ̀ wí. "Máa lọ."

"Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ jẹun o."

"Máa lọ."

Mo ń retí kí ìyá bú sẹ́rìn-ín, kí ọmọ mọ̀ pé a ti fi òun ṣẹ̀sín, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. A dé ilẹ̀, ẹrù aṣọ jáde. Mo ṣẹ́jú sí ìyá, bí a ṣe máa ń ṣe, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sán ni alábòójútó ilé wọ lífìtì. Má-fọwọ́-kàn-án la ń pe òun, nítorí kò sí ohun tí kì í kà léèwọ̀ fún wa nínú ilé náà. Ó fẹ́ sọ fún ìyá pé lífìtì kì í ṣe pálọ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án ní èjìká.

Ìyá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe jókòó náà ló ṣe ṣubú. Orúnkún rẹ̀ kò nà.

Dókítà ní kí ilẹ̀ tó mọ́ pátápátá ló ti kú. Láti ìdájí ló ti ń gòkè tó ń sọ̀ lórí àpótí rẹ̀, tí gbogbo wa ń wọlé tí à ń kí i, tí à ń jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ará ilé kún pálọ̀ Àǹtí Aránṣọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo tẹ ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀kùn.

"Dókítà ò mọ nǹkan tó ń sọ," Àǹtí Aránṣọ wí. "Ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn. A ti jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Inú lífìtì ló ti sọ fún mi pé inú ò bí òun mọ́. Ó pè mí ní ọmọ òun."



"Láàárọ̀ wo?" Má-fọwọ́-kàn-án bèèrè. "Nígbà tó ti kú?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ti la ẹnu. Àǹtí Aránṣọ wá fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Bí kì í bá ṣe gbólóhùn yẹn, ǹ bá ti bá a lọ." Mo pa ẹnu dé.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe àánú nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo wo ojú Má-fọwọ́-kàn-án, mo rí i bí ó ṣe funfun bí ẹfun, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ilé odindi ń bẹ̀rù, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Fóònù kan wà nínú yàrá ẹ̀rọ tó so mọ́ inú lífìtì, kí a lè máa bá ẹni tí lífìtì bá há mọ́ sọ̀rọ̀; bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó gbé e, ohùn inú lífìtì a máa jáde níbẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí mo fi í ṣe.

Má-fọwọ́-kàn-án ni mo kọ́kọ́ fi ṣí ọjà. Mo gbọ́ tó wọlé, tó ń kọrin ìyìn jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ̀rù má baà bà á. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ẹ má tì í o! Ẹsẹ̀ mi ń bọ̀!"

Ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀ nínú lífìtì. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó wà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin àjà kẹrin tó ń yan kiri pé, "Irọ́ ni, kò sí ohun tó ń jẹ́ òkú ń sọ̀rọ̀," mo fi ohùn ìyá bi í pé, "Ta ló ń pè mí ní irọ́?" Ó jáde lájà kejì, ó sì gun àtẹ̀gùn dé ilé. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo ilé ti ń gba àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá. Àǹtí Aránṣọ gbé àpótí ìyá rẹ̀, ó wọ lífìtì, ó jókòó sí igun. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Màámi, wọ́n ní ẹ̀ ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Kí ló dé tẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀?"

Mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bí ọmọdé ṣe ń sunkún, láìfi ọwọ́ bo ẹnu. N kò lè fara dà á. Mo ní, "Ọmọ mi, dákẹ́." Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé mo ṣe oore.

Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú wá, ó ní òun á máa ránṣọ níbẹ̀ kí ìyá òun má baà dá wà. Nígbà tó yá, kò ránṣọ mọ́. Àwọn oníbàárà ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ lájà kẹfà, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ó rù títí ọrùn aṣọ fi ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa bẹ̀ mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò padà wá lọ́la. Eré ti di pàkúté, èmi tí mo dẹ ẹ́ ló mú lẹ́sẹ̀.

Onílé wá ránṣẹ́ pé bí àwọn èèyàn òun bá tún gba àtẹ̀gùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, òun á wá atúnlífìtì mìíràn. Bọ̀dá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Màá tú u wò láti ìsàlẹ̀ dókè," ó wí. "Bó bá jẹ́ wáyà, màá rí i." Ó wá yíjú sí mi. "Odídẹrẹ́, ṣé ọwọ́ rẹ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọwọ́ mi mọ́, Bọ̀dá."

Ọwọ́ ni mo sọ o. N kò mẹ́nu ba ẹnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ tú u, Má-fọwọ́-kàn-án dúró sẹ́nu ọ̀nà nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Bọ̀dá gbé iná àti irinṣẹ́ lọ sẹ́nu kòtò. Èmi gun òkè lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sí súìṣì ni mo gbọ́ ohùn nínú fóònù.

"Màámi, wọ́n ní wọ́n fẹ́ pa á."

Àǹtí Aránṣọ ni. Ó ti wọ lífìtì láti àjà kẹfà, Má-fọwọ́-kàn-án kò sì lè rí i láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé inú ò bí yín, kí n tó jáde."

Láti inú ihò okùn irin, ohùn Bọ̀dá gòkè wá: "Ṣé o ti pa á?"

Ẹ wò mí o. Ọwọ́ kan di fóònù mú, ọwọ́ kejì kò tíì kan súìṣì. Obìnrin kan ń pe òkú létí mi, ọkùnrin kan sì ń pè mí láti ìsàlẹ̀. Mo ní kí n dá obìnrin náà lóhùn kíá, kó jáde, kí n tó pa á. Kí ni ìṣẹ́jú kan? Bọ̀dá kò ní wọlé bí n kò bá dáhùn.

Mo gbé fóònù sẹ́nu. Mo ṣe ọ̀fun mi bíi ti ìyá.

Mo wá gbọ́ ohùn kan nínú ihò náà, ó mọ́ kedere, ó yára:

"Mo ti pa á, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀."

Ohùn mi ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, ohùn mi ni. Èmi kò sì tíì fọhùn.

"Ó dáa!" Bọ̀dá dáhùn. Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ kan irin. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Nínú fóònù, Àǹtí Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màámi. Ẹ ò fẹ́ dá mi lóhùn. Mò ń lọ." Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, okùn irin ń sáré kọjá níwájú ojú mi, ó ń gbé lífìtì lọ bá Bọ̀dá.

N kò mọ ìgbà tí mo fi gbogbo ara fò mọ́ súìṣì náà. Iná kú. Okùn gbọ̀n, ó dúró.

Mo pe Bọ̀dá, kò dáhùn. Mo tún pè é.

"Odídẹrẹ́!" Ó ké láti inú kòtò. "O ní o ti pa á! Mo na ọwọ́, mo kan ìdí lífìtì! O ní o ti pa á!"

"Èmi kọ́ ni mo dáhùn!" mo kígbe. "Bọ̀dá, èmi kọ́! Àǹtí Aránṣọ ni mo fẹ́ ṣe ohùn ìyá rẹ̀ fún, mi ò tíì fọhùn rárá! Èmi ni mò ń ṣe ohùn ìyá látọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣèmi!"

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò gbé e sílẹ̀.

"Odídẹrẹ́," ohùn kan wí nínú rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. "Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Mo ní láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Nígbà tí mo gbé aṣọ dání?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un nísàlẹ̀, mo ti sọ̀ wá bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò rántí pé obìnrin ni mí. Kò lù mí. Ó gbé àpótí ìyá rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Alẹ́ tí a jà," ó wí, "ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi gbẹ̀yìn ni pé kí n kúrò níwájú òun. Ìyẹn ni mò ń gbé lọ sílé báyìí. O kú iṣẹ́."

Ó gba àtẹ̀gùn lọ.

Bọ̀dá náà kò lù mí. Ì bá dára bó bá lù mí. Ó jókòó lórí àpò irinṣẹ́, òróró dúdú wà lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́ ni mo dáhùn nínú kòtò."

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ó súnmọ́ mi létí bí ẹni pé o dúró tì mí."

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?" Ó wò mí títí. "Ṣó o rí nǹkan tó o ṣe fúnra rẹ? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ lò ń sọ, kò sí bí màá ṣe mọ̀."

Ó lọ ra àgádágodo, ó fi sí ara súìṣì ńlá. Nísinsìnyí, yóò gun òkè fúnra rẹ̀, yóò pa á, yóò tì í pa, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sápò kó tó wọ kòtò. Kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Bí mo bá ṣàwàdà nínú yàrá, yóò yí ojú sí ògiri.

N kò sín ẹnikẹ́ni jẹ láti ọjọ́ náà. Ilé ti padà sínú lífìtì. Àǹtí Aránṣọ náà padà, nítorí ẹrù aṣọ kò ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n bó bá rí mi nínú rẹ̀, yóò jẹ́ kó lọ, yóò dúró dìgbà tó bá padà.

Àárọ̀ àná ni kò rí mi. Ẹrù aṣọ ga kọjá orí rẹ̀. Mo fún ara mi mọ́ ògiri, mo sé èémí. A ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹfà, ó wá dúró ṣinṣin.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Mo bò ó pinpin, eyín mi ń gún mi ní àtẹ́lẹwọ́.

Láti igun, nísàlẹ̀, níbi tí orí ẹni tó bá jókòó lórí àpótí máa ń wà, ohùn mi dáhùn:

"Èmi ni, ọmọ mi. Inú ò bí mi mọ́. Máa lọ."

Ẹrù aṣọ náà gbọ̀n. A dé ilẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láti wò mí. Ibi tó gbé ojú sí nínú aṣọ ló ti sọ̀rọ̀.

"O ò tíì ṣíwọ́, àbí, Odídẹrẹ́?"

Ó jáde. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni ìyá rẹ̀ fi ohùn mi, èlé tí mo ṣèlérí fún un, ránṣẹ́ sí i wẹ́rẹ́ yẹn, èmi ni mo sì ti ba ohùn náà jẹ́. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, kí n sọ fún un pé èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún Bọ̀dá náà nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀kọ́ yín nìyí o, n kò ní òmíràn. Bí ẹ bá pàdé mi lójú pópó, ẹ kí mi, mo jẹ́ ọmọlúàbí díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí mo dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu mi.